Edgar Codd: Ẹni Tó Kọ́ Àkọsílẹ̀ Láti Mọ Ẹbí Wọn

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lórí pátákó wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù, kì í ṣe olórin, kò sì jẹ ààrẹ níbì kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti yẹ èsì ìdánwò wò lórí fóònù rí, tàbí tí ẹ ti ra nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ọgbọ́n orí rẹ̀ wà nídìí ohun tí ẹ lò. Edgar Frank Codd lorúkọ rẹ̀. Ted ni àwọn tó sún mọ́ ọn ń pè é.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn, mo ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́. Ní táàmù tó kọjá, èmi àti àwọn méjì míì nínú ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà kọ prógíráàmù kékeré kan tí yóò máa kó máàkì tẹ́ẹ̀sì àwọn SS2 jọ. Èmi ni mo kọ ibi tí máàkì ti ń pàdé ẹni tó ni ín. Orúkọ ni mo fi so wọ́n pọ̀. Mi ò rò ó jinlẹ̀. Ẹ sì mọ̀ pé a ní ọmọbìnrin méjì ní SS2 tí wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan náà, tí orúkọ bàbá wọn tún jọra, ọ̀kan ní kíláàsì A, èkejì ní kíláàsì C. Nígbà tí a lẹ èsì mọ́ ògiri, ẹni tó gba 31 nínú 40 nínú ìṣirò bá 9 níwájú orúkọ rẹ̀. Ó sunkún títí àkókò ìsinmi fi parí. Wọ́n ti ń sọ pé kí wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn òbí rẹ̀ kí olùkọ́ ìṣirò tó mú ìwé máàkì wọn jáde. Ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn ń sọ pé kọ̀ǹpútà parọ́. Kọ̀ǹpútà kò parọ́ o. Èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́.

Olùkọ́ kọ̀ǹpútà wa kò nà mí. Wọ́n ní kí n lọ ka ìtàn ọkùnrin yìí, kí n tún iṣẹ́ mi ṣe, kí n sì wá kọ ohun tí mo rí fún gbogbo ilé-ìwé. Òun nìyí.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 1923 ni wọ́n bí Codd, ní erékùṣù Portland tó wà ní etí òkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ méje. Iṣẹ́ awọ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ó lọ sí ilé-ìwé gírámà ní ìlú Poole, ó sì ṣe dáadáa débi pé ó wọ Exeter College ní Yunifásítì Oxford, níbi tó ti ń kọ́ ìṣirò àti kẹ́mísírì. Ẹnu ìwé yẹn ni Ogun Àgbáyé Kejì ká a mọ́. Wọn ìbá jẹ́ kó dúró ti ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda láti lọ sógun. Ó di awakọ̀ òfurufú nínú ẹ̀ka ọmọ ogun òfurufú tó ń ṣọ́ ojú òkun. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Oxford, ó sì gba oyè rẹ̀.

Ní ọdún 1948, ó kọjá sí New York ní Amẹ́ríkà. Ẹ má rò pé orí àga ọ̀gá ló balẹ̀ sí. Ó kọ́kọ́ ta aṣọ ọkùnrin nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá tí wọ́n ń pè ní Macy's. Ó tún kọ́ni ní ìṣirò fún oṣù díẹ̀ ní Yunifásítì Tennessee. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé-iṣẹ́ IBM tó gbà á pé kó wá máa kọ prógíráàmù fún kọ̀ǹpútà wọn. Kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé sórí itan o. Yàrá odidi ni ọ̀kan ṣoṣo ń gbà.

Ní ọdún 1953, sẹ́nátọ̀ kan tó ń jẹ́ Joseph McCarthy ń fẹ̀sùn kan àwọn èèyàn káàkiri Amẹ́ríkà pé kọ́múníìsì ni wọ́n, ọ̀pọ̀ sì ń pàdánù iṣẹ́ láìsí ẹ̀rí gidi kan. Inú bí Codd sí i. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ Ottawa ní Kánádà. Ọdún 1957 ló tó padà sí IBM. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ó máa wúlò níwájú: ọkùnrin yìí kì í torí owó oṣù fara mọ́ ohun tí kò tọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tó padà, ó wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà Stretch, kí ẹ̀rọ kan lè máa gbé prógíráàmù púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, ó tún wọ ilé-ìwé. Ó ti lé lógójì ọdún kó tó gba oyè dókítà ní Yunifásítì Michigan ní ọdún 1965. Ẹ̀yin tí ẹ rò pé ìwé parí ní WAEC, ẹ rí i báyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa wà gan-an la dé yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, Codd wà ní yàrá ìwádìí IBM ní San Jose, ìpínlẹ̀ California. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ nígbà náà. Ètò tí IBM ń tà fún iṣẹ́ yẹn ni IMS, èyí tí wọ́n ṣe nítorí iṣẹ́ Apollo, ìyẹn iṣẹ́ tó gbé èèyàn lọ sínú òṣùpá. Bí igi ìdílé ni àkọsílẹ̀ inú IMS rí: bàbá lókè, ọmọ nísàlẹ̀. Kí o tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ, àfi kí o gba ọ̀dọ̀ bàbá kọjá. Irú kejì tún wà, tí Charles Bachman jẹ́ aṣáájú rẹ̀, níbi tí àkọsílẹ̀ kan ti lè so mọ́ ọ̀pọ̀ mìíràn. Síbẹ̀, ẹni tó ń kọ prógíráàmù ló ṣì gbọ́dọ̀ máa tọ okùn yẹn láti ọ̀kan dé èkejì.

Kí ni ìṣòro rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹ ń wá ilé ẹnì kan. Wọ́n ní kí ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aláta, kí ẹ kọjá kànga, kí ẹ ka ilẹ̀kùn mẹ́ta. Ó dáa. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wó ṣọ́ọ̀bù aláta ńkọ́? Ẹ ti sọnù nìyẹn. Bí prógíráàmù ìgbà náà ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọ̀nà ni wọ́n ń kọ sínú rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá tún àkọsílẹ̀ tò, prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ lánàá á kú lónìí, wọ́n á sì san owó fún ẹni tó máa tún un kọ. Bí ọ̀gá bá sì béèrè ìbéèrè tí wọn ò tíì lérò tẹ́lẹ̀, àfi kí wọ́n kọ prógíráàmù tuntun.

Codd ní kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí èèyàn sọ ẹni tó ń wá, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ wá ọ̀nà. Ó kọ èrò yìí sínú ìwé inú ilé fún IBM ní ọdún 1969. Ní oṣù kẹfà ọdún 1970, ó gbé e jáde fún gbogbo ayé nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé 11 péré ni. Àwọn 11 yìí ló yí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà padà.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé-ìwé wa ṣe àpẹẹrẹ ohun tó sọ. Ẹ ya àtẹ mẹ́ta: ọ̀kan fún kíláàsì, ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀kan fún máàkì. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan lórí àtẹ tirẹ̀, ó sì ní nọ́ńbà tí ẹlòmíràn kò lè ní. Nọ́ńbà yẹn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lórí àtẹ máàkì, a kò ní kọ orúkọ ọmọ náà rárá, nọ́ńbà rẹ̀ la máa kọ. Lórí àtẹ akẹ́kọ̀ọ́, a kò ní máa kọ ìtàn kíláàsì rẹ̀, nọ́ńbà kíláàsì náà la máa kọ. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá béèrè ìbéèrè, ẹ̀rọ á gbé àwọn àtẹ wọ̀nyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, á wo ibi tí nọ́ńbà ti bára mu, á sì so ìlà mọ́ ìlà. Kò sí okùn kankan tí èèyàn ń tọ̀. Bí ọmọ ìyá ṣe ń dá ara wọn mọ̀ ni àkọsílẹ̀ ṣe ń dá ara wọn mọ̀.

Codd kò dúró níbẹ̀. Ó tún fi hàn bí a ṣe lè pín àtẹ kí ọ̀rọ̀ kan má bàa wà níbi púpọ̀. Bí orúkọ ọmọ kan bá wà lójú ibi mẹ́wàá, tó sì wá yí orúkọ bàbá rẹ̀ padà, ẹ máa tún ibi mẹ́sàn-án ṣe, ẹ máa gbàgbé ìkẹwàá. Bó bá wà níbì kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa tún un ṣe. Ẹ rántí rẹ́jísítà tí a máa ń kọ orúkọ sí lọ́tun-lọ́tun ní táàmù kọ̀ọ̀kan, tí lẹ́tà kan á yí, tí ọmọ kan á sì di ọmọ méjì. Àbí irọ́ ni mo pa?

Ṣé IBM wá gbé Codd gẹ̀gẹ̀? Rárá. IMS ń pa owó wọlé, àwọn ọ̀gá kò sì fẹ́ ohun tó máa bá ọjà ara wọn jà. Àwọn kan ní ìṣirò inú ìwé rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn mìíràn ní ẹ̀rọ kò ní lè yára tó láti wá ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1974, wọ́n gbé àríyànjiyàn ńlá kalẹ̀ ní Ann Arbor, ìlú tí Codd ti gba oyè dókítà rẹ̀. Codd wà lápá kan, Bachman wà lápá kejì. Ẹni kékeré kọ́ ni Bachman o, ó ti gba ẹ̀bùn Turing ní ọdún 1973, ẹ̀bùn tó ga jù nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Codd kò torí ìyẹn dákẹ́. Bó ṣe ń kọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀, títí àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ ọ fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohun tó ń wí.

IBM fúnra rẹ̀ dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ tó ń jẹ́ System R. Níbẹ̀ ni Donald Chamberlin àti Raymond Boyce ti ṣe èdè ìbéèrè kan tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ ìṣirò lè lò. SEQUEL ni wọ́n kọ́kọ́ pè é, òun ló wá di SQL. Àwọn kan ní Yunifásítì California ní Berkeley náà kọ́ tiwọn, wọ́n pè é ní Ingres. Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn mí jù: kí IBM tó gbé ọjà tirẹ̀ jáde ní ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó wá di Oracle ti ń ta tirẹ̀ láti ọdún 1979. Inú ilé IBM ni wọ́n ti bí ọmọ náà, ìta ló ti kọ́kọ́ rìn.

Ọdún 1981 náà ni wọ́n fún Codd ní ẹ̀bùn Turing. Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. SQL pàápàá kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, torí ó ń gba kí ìlà kan náà wà lẹ́ẹ̀mejì lórí àtẹ, èyí tí kò bá ìmọ̀ rẹ̀ mu. Nígbà tí àwọn oníṣòwò bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ polówó ọjà tí kò jọ ọ́, ó kọ òfin jáde ní ọdún 1985 tí wọ́n lè fi dán irú ọjà bẹ́ẹ̀ wò. Òfin méjìlá ni gbogbo ayé ń pè é. Ó ti kúrò ní IBM nígbà náà, ó sì ń gba àwọn ilé-iṣẹ́ nímọ̀ràn. Ọjọ́ 18 oṣù kẹrin ọdún 2003 ló kú sí ilé rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Florida, nítorí àìsàn ọkàn. Ẹni ọdún 79 ni.

Ó kú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò kú. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ oníròyìn, ẹ tẹ́tí sí èyí. Ní ọdún 2005, irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Django jáde fún àwọn tó ń kọ́ wẹ́ẹ́bùsáìtì pẹ̀lú èdè Python. Ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan ní ìpínlẹ̀ Kansas ni wọ́n ti ṣe é. Django yìí náà la fi kọ prógíráàmù máàkì wa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé o máa fi Python béèrè, òun á yí i sí SQL, àkọsílẹ̀ á sì dáhùn bí Codd ṣe fẹ́ kó dáhùn.

Mo tún iṣẹ́ mi ṣe. Mo yọ orúkọ kúrò lórí àtẹ máàkì, mo fi èyí rọ́pò rẹ̀:

akeko = models.ForeignKey(Akeko, on_delete=models.PROTECT)

ForeignKey túmọ̀ sí pé nọ́ńbà akẹ́kọ̀ọ́ kan ló máa wà níbẹ̀, nọ́ńbà tó ti wà lórí àtẹ akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́lẹ̀. PROTECT túmọ̀ sí pé bí ẹnì kan bá fẹ́ pa akẹ́kọ̀ọ́ tó ní máàkì rẹ́, Django máa kọ̀ fún un. Ká ní CASCADE ni mo kọ ni, gbogbo máàkì ọmọ náà á bá a lọ láìsí ariwo. Nígbà tó wá kan ìbéèrè, mo kọ ọ́ báyìí:

Maaki.objects.filter(akeko__kilaasi__oruko="SS2A")

Ẹ wo ìlà-ìsàlẹ̀ méjì-méjì yẹn. Ohun tó ń sọ ni pé: kúrò lórí máàkì, lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ín, kúrò níbẹ̀, lọ bá kíláàsì rẹ̀, kí o sì mú àwọn tí kíláàsì wọn ń jẹ́ SS2A wá. Àtẹ mẹ́ta, ìbéèrè kan.

Inú mi dùn, mo pe olùkọ́ wa. Wọ́n wò ó, wọ́n ní kí n ka iye ìgbà tí prógíráàmù mi ń lọ bá àkọsílẹ̀ nígbà tó bá ń tẹ orúkọ àti máàkì ìṣirò ọmọ 45 jáde. Mo kà á. 46 ni! Ẹ̀ẹ̀kan fún àwọn máàkì, lẹ́yìn náà, lórí máàkì kọ̀ọ̀kan, ó tún ń padà lọ béèrè orúkọ ẹni tó ni ín. Bí ẹni tí wọ́n rán lọ ra ata, tó délé tán, tó tún padà lọ ra àlùbọ́sà, tó tún padà lọ ra iyọ̀. Mo fi select_related("akeko") kún ìbéèrè náà, 46 di 1, torí pé Django so àtẹ méjèèjì pọ̀ kó tó kúrò lọ́jà. Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ti ń bọ̀, tí mo fẹ́ gbogbo máàkì ọmọ kọ̀ọ̀kan, prefetch_related("maaki_set") ni mo máa lò. Ìyẹn á lọ lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan fún àwọn ọmọ, ẹ̀ẹ̀kan fún gbogbo máàkì wọn, á wá pín in fún kálukú.

Kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lò ó, mo dá ọmọ méjì tí kò sí níbì kankan sílẹ̀ nínú rẹ̀, mo fún wọn ní orúkọ kan náà àti orúkọ bàbá kan náà, mo fún ọ̀kan ní 31, mo fún èkejì ní 9. Mo béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá náà, kálukú mú tirẹ̀.

Àwọn àgbà wa ní ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ dára, ó ń sọ ibi tí èèyàn ti wá. Ṣùgbọ́n orúkọ nìkan kò tó láti fi dá ọmọ kan mọ̀ láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi: ẹ kọ nọ́ńbà tí ilé-ìwé fún yín sórí gbogbo ìwé ìdánwò yín, kó hàn kedere. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì sọ ìwé máàkì yín nù nítorí pé kọ̀ǹpútà dé. Ìwé yẹn ló gba ẹnì kan sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ìwọ ọ̀rẹ́ mi ní SS2C, o mọ ara rẹ. Mo ti bẹ̀ ọ́ níkọ̀kọ̀, mo tún ń bẹ̀ ọ́ ní gbangba níbi tí gbogbo èèyàn ti rí 9 tí kì í ṣe tìrẹ. 31 lo gbà. Jọ̀wọ́, má bínú. Mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.